Lẹ́tà Rẹ́jísítà Ìgbà Ogun: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ tí Ẹ Fẹ́ Máa Kó Wọn Jọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn pé ọkàn yín ti ń fà sí lẹ́tà àtijọ́. Sítáǹpù lásán ni púpọ̀ nínú yín fi bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí ẹ ti ń béèrè lẹ́tà tí àwọn sójà fi ránṣẹ́ láti ojú ogun, àti èyí tí àwọn tí ọ̀tá mú kọ láti inú àgọ́ ìgbèkùn. Nínú gbogbo wọn, èyí tí wọ́n rẹ́jísítà ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ni mo sì fẹ́ bá yín sọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Bébà àtijọ́ ni àkísà tèmi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé àpò lẹ́tà rẹ́jísítà kan jẹ́ ẹ̀rí bí ohun kan ṣe ti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn nígbà tí ogun dí ọ̀nà. Ẹ kà á bí ẹ̀rí, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹ̀rí.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí rẹ́jísítà jẹ́ dáadáa.

Bí lẹ́tà lásán bá ti wọ inú àpótí ilé ìfìwéránṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà mọ́ títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Rẹ́jísítà kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ, yóò fi nọ́ńbà sí i lára, yóò kọ nọ́ńbà kan náà sínú ìwé ńlá, yóò sì fún ọ ní rìsíìtì. Láti ibẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní 1841, nítorí àwọn ènìyàn máa ń fi owó sínú lẹ́tà, owó náà a sì máa pòórá lọ́nà. Ní 1878 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta àpò lẹ́tà tó jẹ́ ti rẹ́jísítà nìkan. Bébà rẹ̀ ki, wọ́n sì fi aṣọ ọ̀gbọ̀ tẹ́ inú rẹ̀ kó má baà ya. Ìlà búlúù kan wà láti òkè dé ìsàlẹ̀, òmíràn wà láti ọ̀tún dé òsì, àwọn méjèèjì sì pàdé láàárín. Àwọn bàbá wa tó ṣiṣẹ́ ìjọba mọ àpò yìí bí ẹní mowó. Tí ẹ bá gbé e sọ́wọ́, ẹ fi ìka pa ètí rẹ̀: aṣọ inú rẹ̀ yóò kan yín lọ́wọ́, pàápàá níbi tí bébà ti ń hó.

Lẹ́yìn náà ni bébà pélébé onígun mẹ́rin tó ní R ńlá, orúkọ ilé ìfìwéránṣẹ́ àti nọ́ńbà. Bébà kékeré yẹn ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, kí ẹ tó wo sítáǹpù.

2. Ẹ má bó sítáǹpù kúrò lára àpò lẹ́tà, láéláé.

Sítáǹpù Ọba Jọ́ọ̀jì Kẹfà tí wọ́n bó pọ̀ lọ jàǹtirẹrẹ, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n àpò lẹ́tà tí wọ́n bó o kúrò lára rẹ̀ dà bí ẹlẹ́rìí tí wọ́n gé láhọ́n. Bí ẹ bá rí ẹni tó fi àpò lẹ́tà ogun sínú omi nítorí sítáǹpù, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó mú un jáde.

3. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àpò lẹ́tà, iwájú àti ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ mi yẹ̀ wò. Ọdún 1945 ni, sójà kan ló fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Sítáǹpù Íńdíà ló wà lójú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ará Íńdíà ló kọ ọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ètò ìfìwéránṣẹ́ ológun ti Íńdíà ni àwọn sójà wa tó lọ sí ogun Bọ́mà wà, sítáǹpù ibẹ̀ ni wọ́n sì ń rà. Òǹtẹ̀ roboto ló wà lórí sítáǹpù náà. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ojú ogun ni, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ọjọ́. Orúkọ ìlú kò sí níbẹ̀. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi í pamọ́ ni, kí ọ̀tá má baà mọ ibi tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun dó sí. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ óò tẹ̀ lé, nítorí àwọn tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí ti kọ ìwé tó sọ ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà àti ìgbà tó ṣí kúrò níbẹ̀.

Nísàlẹ̀, lápá òsì, ọ̀gá sójà bu ọwọ́ lù ú. Òun ló kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà, nítorí sójà kì í dá lẹ́tà rẹ̀ lẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́ bó ṣe wù ú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lùwé yìí ni òǹtẹ̀ àwọn ayẹ̀wéwò wà, adé lókè, nọ́ńbà nísàlẹ̀. Àwọn sójà máa ń pè wọ́n ní sẹ́ńsọ̀. Wọ́n gé etí kan àpò náà, wọ́n sì fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ dí i padà. P.C. 90 ló wà lára bébà yẹn, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó ṣí i. Nígbà tí ẹ bá yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ẹ óò rí òǹtẹ̀ gígùn rogodo bí ẹyin, ti rẹ́jísítà Èkó, àti ti Abẹ́òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó kúrò ní ojú ogun sí ìgbà tó dé Abẹ́òkúta lé ní oṣù kan.

Ẹ ka ọjọ́ tí gbogbo òǹtẹ̀ náà gbé ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ sì kọ wọ́n sórí bébà mìíràn. Bí ọ̀kan bá ṣáájú ibi tó yẹ kó wà, ẹ dúró kí ẹ wádìí.

4. Ẹ béèrè ìdí tó fi sanwó.

Ní ọ̀pọ̀ ojú ogun, sójà kì í sanwó lórí lẹ́tà lásán. Á kọ ọ́ sí i lójú pé ẹnu iṣẹ́ ogun lòun wà, ó ti parí. Owó lojú rẹ́jísítà. Owó sójà aláwọ̀ dúdú kò sì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ya apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ará ilé. Nítorí náà, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá na owó lé lẹ́tà kan, ohun pàtàkì ló wà nínú rẹ̀: owó, fọ́tò tó yà nínú aṣọ ogun, ìwé ilẹ̀, ìwé ìhágún, tàbí ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún ọmọge kan nílé. Àwọn mìíràn rẹ́jísítà lẹ́tà lásán nítorí pé méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n kọ ṣáájú kò dé. Àpò tó ṣófo lónìí kò ṣófo nígbà náà. Ẹ wo bí ó ṣe wú sí, ẹ wo ibi tí nǹkan ti tẹ inú rẹ̀. Ipa owó ẹyọ máa ń wà lára bébà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

5. Ẹ mọ ogun Bọ́mà bí ẹ ti mọ orúkọ àdúgbò yín.

Mo sọ èyí nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà jù. Ní 1943 ni wọ́n dá ẹ̀ka ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà wa níbí, wọ́n sì kó wọn lọ sí Íńdíà lọ́dún yẹn kan náà. Ẹ̀ka 82 tẹ̀ lé wọn ní 1944. Àfonífojì Kaladan ni ẹ̀ka 81 gbà wọ Bọ́mà, nínú igbó tí mọ́tò kò lè rìn. Láti inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ń ju oúnjẹ àti ohun ìjà sílẹ̀ fún wọn. Ibi tí ìrẹsì ti ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, ẹ lè fojú inú wo bí lẹ́tà yóò ti ṣòro tó níbẹ̀.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ogun ní 1942 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ló wà. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn Japáànù kọlù wọ́n ní Kaladan, ìbọn sì bà á lẹ́sẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni ìdílé Mùsùlùmí kan níbẹ̀ fi pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn sójà Gurkha fi dé ní oṣù kejìlá. Ó padà wálé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé, ó sì wà láyé títí di 2012. Fún gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, kò sí lẹ́tà kankan tó lè ti ọwọ́ rẹ̀ dé Ẹmùré. Bí ẹ bá rí ìdì lẹ́tà sójà kan tí àlàfo gígùn wà nínú ọjọ́ wọn, ẹ má ṣe yára sọ pé àwọn kan ló sọnù. Ó lè jẹ́ pé nígbà náà gan-an ni ọwọ́ ìyà tẹ ẹni náà.

Kì í ṣe gbogbo sójà ló mọ̀wé kọ. Ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀gá kékeré nínú bárékè ló ń bá ọ̀pọ̀ wọn kọ ọ́, nílé sì rèé, lẹ́tà-ráítà ló ń kọ ìdáhùn sórí bébà fún ìyá wọn. Nítorí náà, bí ẹ kò bá ní ẹ̀rí, ẹ má kọ ọ́ sínú álúbọ́ọ̀mù yín pé ọwọ́ sójà náà nìyí.

6. Ẹ mọ òfin tó gbé lẹ́tà ẹlẹ́wọ̀n ogun ró.

Àdéhùn Hague ti 1907 sọ pé lẹ́tà, owó àti ẹrù kéékèèké tí ẹlẹ́wọ̀n ogun fi ránṣẹ́, tàbí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, kò gbọdọ̀ san owó ìfìwéránṣẹ́. Àdéhùn Geneva ti 1929 tún un sọ, ó sì pàṣẹ pé kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹlẹ́wọ̀n dé àgọ́, kí wọ́n jẹ́ kó kọ káàdì sílé. Ti 1949 ló wá fi iye sí i: ó kéré tán, lẹ́tà méjì àti káàdì mẹ́rin lóṣù. Àìsanwó ìfìwéránṣẹ́ yìí ni ìdí tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà ẹlẹ́wọ̀n ogun kò fi ní sítáǹpù rárá, tí èyí tí wọ́n rẹ́jísítà nínú wọn sì fi ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú àwọn àgọ́ Jámánì nígbà ogun Hitler, Stalag ni ti sójà kéékèèké, Oflag ni ti àwọn ọ̀gá, Dulag ni ibi tí wọ́n ti ń pín wọn kiri, Stalag Luft sì ni ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú. Johnny Smythe, ọmọ Freetown, tó ń tọ́nà fún ọkọ̀ òfuurufú ogun Gẹ̀ẹ́sì, já bọ́ sọ́wọ́ wọn ní oṣù kọkànlá 1943, Stalag Luft I ní Barth ló sì wà títí ogun fi parí. Yàtọ̀ sí ti Stalag Luft, nọ́ńbà Róòmù tó bá tẹ̀ lé orúkọ àgọ́ jẹ́ ti àgbègbè ológun. VIII ni ti Breslau, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àgọ́ Lamsdorf, tó wà nínú Póláǹdì lónìí, ní Stalag VIII B. Ẹ ṣọ́ra níbí o: ní 1943 wọ́n yí orúkọ Lamsdorf padà sí Stalag 344, wọ́n sì gbé VIII B fún Teschen. Ayédèrú kan lè ní òǹtẹ̀ tó jọ òótọ́, kó gbé ọjọ́ tó jọ òótọ́, kí àwọn méjèèjì má sì bára wọn mu.

Òǹtẹ̀ tí ẹ óò máa rí jù ni èyí tí wọ́n kọ Geprüft sí, tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò nínú àgọ́. Ti lẹ́tà àwọn ará ìlú tó ń lọ sókè òkun yàtọ̀. Àwọn ayẹ̀wéwò Jámánì a máa fi bébà tó ní àwòrán idì dí etí rẹ̀ padà, lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì kan a sì máa tọ́ka ìlú tí wọ́n ti ṣí i: b fún Berlin, c fún Köln, d fún München, e fún Frankfurt.

7. Ẹ má fojú kéré lẹ́tà tó kúrú.

Nígbà tí Síńgápọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn Japáànù ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì 1942, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà Ìlú Ọba, Íńdíà àti Ọsirélíà di ìgbèkùn. Ọ̀pọ̀ ìdílé dúró ju ọdún kan lọ kí káàdì àkọ́kọ́ tó dé, nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni wọ́n ń gbà láàyè. Ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ni Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú tí ogun pín níyà. Nínú ọ̀rọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun wà láàyè, ara òun le, kó bá òun kí àwọn ọmọ. Ẹni tó bá ń díwọ̀n iye lẹ́tà pẹ̀lú gígùn rẹ̀ kò ì tíì mọ ohun tó ń kó jọ.

8. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ Faransé náà.

Àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì nìkan máa ń gbàgbé pé àwọn ará wa láti Dàhòmì, tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, wà nínú ọmọ ogun Faransé. Nígbà tí Faransé túúbá ní oṣù kẹfà 1940, Jámánì kò kó ọ̀pọ̀ sójà aláwọ̀ dúdú lọ sí ilẹ̀ rẹ̀. Inú Faransé náà ni wọ́n há wọn mọ́, nínú àwọn àgọ́ tí wọ́n ń pè ní Frontstalag. Léopold Sédar Senghor, tó padà di ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gàl, wà nínú wọn títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1942. Àwọn obìnrin Faransé kan a máa kọ lẹ́tà sí àwọn sójà wọ̀nyí, wọn a sì máa fi ẹrù ránṣẹ́ sí wọn, bí ẹni tó gba ọmọ tọ́. Lójú tèmi, apá tí wọn kò tíì wádìí tó nìyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Pọ̀tónóò tí ẹ gbọ́ Faransé ni ẹ lè ṣe é jù.

9. Tógò àti Kamẹrúùnù: ibi tí wọ́n ti ń tan àwọn akójọ jẹ jù.

Ogun tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ogun Jámánì kàn wá nítòsí. Ẹ̀bá Atakpamé, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá ń gbé títí dòní, ni Kamina wà, ibi tí Jámánì kọ́ ilé wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá sí. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi bà á jẹ́ ní oṣù kẹjọ 1914, wọ́n sì túúbá ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kó sítáǹpù Jámánì tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ tuntun lé e lórí pé ilẹ̀ náà ti di tiwọn, wọ́n sì ń lò ó. Ní Kamẹrúùnù náà, lẹ́yìn tí Duala bọ́ sọ́wọ́ wọn, wọ́n tẹ C.E.F. sórí sítáǹpù Jámánì ní 1915 fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ sójà Nàìjíríà wà nínú ogun yẹn.

Ẹ óò rí àpò lẹ́tà rẹ́jísítà tó dára gan-an láti ìgbà náà, tí sítáǹpù oríṣiríṣi tò lójú rẹ̀ láti kékeré dé ńlá, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọlọ́jà sítáǹpù ní Ìlú Ọba. Kì í ṣe ayédèrú dandan. Wọ́n fi ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí àwọn akójọ ni wọ́n ṣe ṣe é, kò sì sọ ohunkóhun nípa sójà tó ń rántí ilé. Tèmi ni pé kí ẹ fi owó yín wá àpò tó ti bàjẹ́ díẹ̀, tó ní sítáǹpù kan tó bá owó ìfìwéránṣẹ́ mu, tí orúkọ ìyá tàbí ìyàwó wà lójú rẹ̀. Òun ló níyì lójú mi ju ìkejì lọ. Ní ti ayédèrú gan-an, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lé sítáǹpù Tógò yẹn ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀bàyéjẹ́ jèrè láti ìgbà pípẹ́. Ẹ má rà á láìsí ìwé ẹ̀rí àwọn tó mọ̀.

10. Bí ẹ óò ṣe mọ ayédèrú.

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ má dúró de ọjọ́ yẹn kí ẹ tó yẹ nǹkan yín wò. Ẹ wo ibi tí òǹtẹ̀ ti kan bébà tí ayẹ̀wéwò lẹ̀: bí wọ́n bá tẹ òǹtẹ̀ kí wọ́n tó lẹ bébà, tàdáwà kò lè wà lórí bébà náà. Ẹ wo nọ́ńbà R. Bí ẹ bá ní àpò méjì láti ilé ìfìwéránṣẹ́ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nọ́ńbà wọn kò yẹ kó jìnnà síra láìnídìí. Ẹ ṣírò owó tó wà lójú sítáǹpù, ti lẹ́tà àti ti rẹ́jísítà, kí ẹ fi wé iye tí wọ́n ń san lọ́dún náà. Ẹ fi iná UV tí àwọn báńkì fi ń yẹ owó wò tan án sí i nínú òkùnkùn. Bébà ìgbà ogun kì í tàn yòò, nítorí lẹ́yìn ogun ni àwọn oníbébà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ́míkà tó ń mú bébà funfun balau sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ béèrè ọwọ́ ẹni tó ti jáde. Olóòótọ́ òǹtajà yóò sọ ohun tó mọ̀ fún yín.

11. Lẹ́tà láti inú àgọ́ ìpakúpa kò gbọdọ̀ di ohun ìṣeré.

Àwọn Násì fipá mú àwọn Júù àti àwọn mìíràn sínú àgọ́ ìpakúpa àti àdúgbò àhámọ́. Lẹ́tà díẹ̀ jáde láti ibẹ̀, ayédèrú tó ń pe ara rẹ̀ ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Wọ́n ti ṣe ayédèrú sítáǹpù ẹrù ti àdúgbò àhámọ́ Theresienstadt, èyí tó jáde ní 1943, ní àìmọye ìgbà. Ọ̀tọ̀ ni ti ayédèrú, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀wọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn kò jáde láàyè. Bí ojúlówó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, mo rọ̀ yín kí ẹ fi í fún ilé ìrántí tàbí ilé àkójọ tó lè fi kọ́ àwọn ọmọ. Èmi kì í rà á, n kì í sì í tà á.

12. Ìtọ́jú.

Ẹ má fi sẹ́lótéèpù kan án. Ẹ má fi ọ̀rá bo bébà lójú pa bí ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, kò ní ṣeé yọ mọ́. Ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn, tí wọ́n ń tà lọ́jà fún ìwé, máa ń ba tàdáwà jẹ́. Èyí tí wọ́n fi poliẹ́sítà ṣe ni kí ẹ wá. Píìnì àti klíìpù onírin máa ń dógùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan, pẹ́ńsùlù ni, sórí bébà ọ̀tọ̀. Ikán, ọ̀rinrin àsìkò òjò àti oòrùn fèrèsé ni ọ̀tá mẹ́ta tó wà nílé wa, nítorí náà ẹ gbé àpótí náà sórí nǹkan, jìnnà sí ògiri tó ń lami. Bí ìda pupa tí wọ́n fi dí àpò bá ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì to nǹkan wúwo lé e. Ẹ má gbìyànjú láti fọ ìdọ̀tí kúrò.

13. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ni ín.

Orúkọ tó wà lójú àpò náà, ó lè jẹ́ pé ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà láyé. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀, gbèsè, àìsàn tàbí ọmọ àlè lè wà nínú lẹ́tà náà, ẹ kò sì mọ ohun tí ìdílé náà ti bò mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó gbé e jáde fún aráyé, ẹ bo orúkọ àti àdírẹ́sì, tàbí kí ẹ wá ìdílé náà lọ kí ẹ gba àṣẹ. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ ya ẹ̀dà tó dára fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá bẹ̀ yín pé kí ẹ dá ojúlówó padà, ẹ dá a padà. Mo mọ̀ pé àwọn akójọ mìíràn kò ní gbà fún mi lórí èyí, ṣùgbọ́n mi ò yí ohùn padà.

Ohun mìíràn tún wà: ẹ má ra ohunkóhun tó ní òǹtẹ̀ ilé ìkówèépamọ́ tàbí nọ́ńbà fáìlì ìjọba láìmọ bó ṣe jáde. Olè ni yóò sọ yín dà.

14. Ibi tí ẹ óò ti kọ́ sí i.

Ẹgbẹ́ West Africa Study Circle ń ṣe ìwádìí lórí ìfìwéránṣẹ́ àgbègbè wa, Forces Postal History Society sì ń ṣe ti àwọn ọmọ ogun. Ilé ìkówèépamọ́ ìjọba àpapọ̀ wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Àjọ tó ń tọ́jú ibojì ológun Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ní orúkọ àwọn tó kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan àwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí orúkọ wọn wà lára òpó ìrántí ní Taukkyan nítòsí Yangon. Ní Geneva, Àgbélébùú Pupa dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1914 láti máa wá àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun. Nǹkan bí mílíọ̀nù méje káàdì ni wọ́n kọ nígbà ogun yẹn, wọ́n sì ti gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2014 fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá orúkọ. Mo máa ń wá orúkọ tó wà lójú àpò níbẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

15. Ẹ mú apá kan, kí ẹ sì dúró tì í.

Ẹni tó bá ń ra ti gbogbo ogun yóò ní àpótí tó kún, kò sì ní mọ ọ̀kankan. Àwọn kan mú lẹ́tà àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun Boer tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí erékùṣù St Helena láti 1900. Ayé wọn ni wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn mú lẹ́tà àwọn Jámánì tó sá láti Kamẹrúùnù bọ́ sí ilẹ̀ Sípéènì ní 1916, tí wọ́n sì há mọ́ erékùṣù Fernando Po. Bí ẹ bá lọ síbi gbàǹjo, ẹ ti mọ iye tí ẹ lè ná láti ilé. Ẹ̀sọ̀-ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹ ra ẹyọ kan tí ẹ lè kọ ojú ìwé mẹ́wàá lórí rẹ̀.

16. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Ìmọ̀ràn tó ká mi lára jù nìyí. Àwọn sójà Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ wà nínú àpótí páànù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lórí àjà, nínú yàrá ìyá àgbà tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ tún ilé náà ṣe, iná ni wọ́n máa ń sọ ọ́ sí. Mo ti rí i tí wọ́n jó ìdì ìwé sójà nítorí pé ikán ti jẹ etí rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì ṣì mọ́ ketekete. Ẹ̀yin tí bàbá ńlá yín lọ sógun, ẹ lọ bá àwọn àgbà ilé yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá lẹ́tà tàbí káàdì kan wà. Bí wọ́n bá gbé e jáde, ẹ má mú un lọ o. Ẹ yà á ní fọ́tò níwájú wọn, ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípa rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì bá wọn wá àpò tó dára tí yóò máa gbé.